Ìjánu Ṣáájú Agbára Ẹṣin: Ìdáhùn fún Àwọn Tó Fẹ́ Sọ Mustang Àtijọ́ Di Ọkọ̀ Ìje

Ìbéèrè láti Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mò ń gbé. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra Ford Mustang ọdún 1965 kan lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ti gbé e pamọ́ sínú gáréèjì fún ọdún pípẹ́. Ẹ́ńjìnnì V8 rẹ̀, onísílíńdà mẹ́jọ, ṣì ń ṣiṣẹ́, bíréèkì onídírọ́ọ̀mù ló wà ní wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì sí ìpẹtà kankan tí mo lè fojú rí. Mo fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ tí n ó máa fi díje ní pápá ìje oníkọ́nà, kì í ṣe eré gbọọrọ tí ọkọ̀ méjì máa ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀, mo sì ti rí ẹni tí yóò bá mi kan ẹ́ńjìnnì tí yóò mú agbára ẹṣin 450 jáde. Ìyàwó mi ló ní kí n kọ́kọ́ bi yín kí n tó sanwó. Ṣé ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn?

Ìdáhùn

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ ló jẹ́ kí lẹ́tà yìí dé ọwọ́ mi kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Rárá o, kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà lára ọkọ̀ yìí, agbára ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fi kẹ́yìn. Ẹṣin ni àmì Mustang, òun ló ń sáré láàárín irin iwájú ọkọ̀ náà, ìjánu sì ni àwọn àgbà tó mọ èdè yìí ń pe ohun tí a ń pè ní bíréèkì. Ẹni tó gun ẹṣin tí kò ní ìjánu kì í ṣe ẹni tó ń sáré. Ẹṣin ló ń gbé e lọ síbi tó bá wù ú. Bí agbára ẹṣin 450 ṣe máa rí lórí dírọ́ọ̀mù ọdún 1965 nìyẹn.

Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, wọ́n ti ṣe é rí, ìpínlẹ̀ Texas tí ẹ ń gbé sì wà nínú ìtàn rẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1964 ni Ford gbé Mustang jáde fún títà. Ọkọ̀ tó wu ojú ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí aṣọ lórí rẹ̀, ara Falcon ni ẹ ó bá nísàlẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ ìdílé olówó pọ́ọ́kú tí Ford ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ náà lórúkọ ní pápá ìje, Carroll Shelby ni wọ́n gbé e fún, ọmọ bíbí Texas tó ti jẹ́ awakọ̀ ìje kí àìsàn ọkàn tó mú un fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni GT350 ti ọdún 1965, ìyẹn Mustang tó tún ṣe fún ìje. Ní oṣù Kejì ọdún náà ni Ken Miles fi ọ̀kan nínú wọn borí ní pápá Green Valley, ní Texas yín níbẹ̀, kí ọdún sì tó parí, Jerry Titus ti fi GT350 gba ipò kìíní ní gbogbo orílẹ̀-èdè nínú ìsọ̀rí B-Production lábẹ́ SCCA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ẹ́ńjìnnì 289 tí wọ́n bá lára ọkọ̀ náà, tí ìtóbi rẹ̀ jẹ́ lítà 4.7, ń mú agbára ẹṣin 271 jáde. Nínú GT350 tí wọ́n ń tà fún aráàlú, ó di 306. Ẹṣin 35 péré ni wọ́n fi kún un. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ọkọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí wọn kò fọwọ́ kàn: wọ́n sọ apá tó di wíìlì iwájú mú kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì Koni sí i, wọ́n fi dísìkì rọ́pò dírọ́ọ̀mù níwájú, wọ́n mú dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn fẹ̀ sí i, wọ́n fi irin di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú kó má baà máa ta, wọ́n sì fi ọ̀pá kan so òpó ṣọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tilẹ̀ yọ ìjókòó ẹ̀yìn, kí òfin lè gbà pé ọkọ̀ eré oníjòókòó méjì ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù lọ nígbà náà ná ọgbọ́n wọn sórí bí ọkọ̀ yóò ṣe dúró àti bí yóò ṣe yí kọ́nà, n kò sì rí ìdí tí ẹ̀yin yóò fi ṣe é ní òdìkejì.

Ẹ kọ ọ́ pé kò sí ìpẹtà tí ẹ lè fojú rí. Ìpẹtà Mustang kì í sábà sí níbi tí ojú ti lè rí i. Níta, ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ọkọ̀. Abẹ́ wọn jẹ́ àpótí irin tí wọ́n jó pa, tí ọwọ́ kò lè wọ̀; ibẹ̀ ni ewé gbígbẹ àti ìdọ̀tí máa ń kó sí, omi òjò á sì máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀ láti inú wá. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì iwájú kúrò. Kí ẹnì kan gbé garawa omi wá, kó máa fi kọ́ọ̀pù rọra da omi sí àwọn ihò náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí ẹ̀yin sì sùn sílẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Bí àpótí náà bá yè, gbogbo omi yóò gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jáde sílẹ̀. Bí kò bá yè, kò ní pẹ́ tí ìkán omi àkọ́kọ́ yóò fi dé, pupa bí omi amọ̀, níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ máa ń wà gan-an. Mo ti rí ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán bíi dígí, tí omi ya sílẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tú ìkòkò dànù.

Kì í ṣe nítorí omi nìkan ni mo ṣe tẹnu mọ́ ọn. Mustang kò ní ṣáásí ọ̀tọ̀ bíi ti lọ́rì. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká, tí wọ́n sì jó pọ̀ mọ́ra ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Irin gbọọrọ méjì wà níwájú, méjì wà lẹ́yìn, ti iwájú kò sì dé ọ̀dọ̀ ti ẹ̀yìn, àfi ilẹ̀ ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó wà láàárín wọn. Bí ilẹ̀ yẹn bá ti jẹrà, ara ọkọ̀ yóò máa lọ́ bí ẹ bá ti wọ kọ́nà, kò sì sí sípíríǹgì tàbí ṣọ́ọ̀kì tí ẹ lè rà tí yóò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún ìpẹtà ṣe, kí wẹ́dà fi irin onígun mẹ́rin so ti iwájú pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn lábẹ́ ọkọ̀, ní apá ọ̀tún àti apá òsì.

Nígbà tí ẹ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà. Ohun karùn-ún tí wọ́n kọ níbẹ̀ jẹ́ lẹ́tà, òun ló ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ náà bá wáyé: C, A tàbí K ni ti 289, T sì ni ti onísílíńdà mẹ́fà. Kí ẹ sì ka bọ́ọ̀tì wíìlì. Márùn-ún ni ti V8, mẹ́rin ni ti onísílíńdà mẹ́fà. Bí lẹ́tà náà bá jẹ́ T tí ẹ sì bá V8 lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ló gbé e wọ̀ ọ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bíréèkì àti ẹ̀yìn tí kò lágbára ló fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bíréèkì. Ọkọ̀ yín, pẹ̀lú ẹ̀yin àti epo inú rẹ̀, kò ní jìnnà sí kìlógíráàmù 1,350. Ní Circuit of the Americas tó wà lẹ́bàá Austin, tó dájú pé ẹ ó fẹ́ lọ lọ́jọ́ kan, kọ́nà 20 ló wà lójú ọ̀nà tó gùn tó kìlómítà 5.5, ibi gbọọrọ tó gùn tó kìlómítà kan sì wà kí ẹ tó dé kọ́nà kejìlá. Bí ẹ bá ń bọ̀ níbẹ̀ ní kìlómítà 200 ní wákàtí, tí ẹ sì fẹ́ dín in kù sí 80, ooru tí bíréèkì yóò gbà sára láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún tó èyí tó lè mú lítà márùn-ún omi tútù hó. Ẹ ronú nípa ìkòkò omi ẹ̀bà tó kún, kí ẹ sì fojú inú wò ó pé kí ó hó kí ẹ tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Kí irin náà tó tutù, kọ́nà mìíràn ti dé.

Inú agolo ni bíréèkì onídírọ́ọ̀mù ń ṣiṣẹ́ sí, ooru rẹ̀ kò sì ríbi jáde. Bí dírọ́ọ̀mù bá ti gbóná, ńṣe ló ń fẹ̀ sí i, tí á sì máa sá fún ṣúù tó fẹ́ dì í mú. Ẹsẹ̀ yín á wá máa lọ sísàlẹ̀ lórí pẹ́dà, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ìta gbangba ni dísìkì wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, bó bá sì gbóná, ọ̀dọ̀ páàdì ló ń wú lọ. Ẹ wá dísìkì sí iwájú, ó kéré tán, kí ẹ sì fa ọ̀pá afẹ́fẹ́ láti ẹnu iwájú ọkọ̀ dé àárín dísìkì kọ̀ọ̀kan. Ohun kan tún wà tó ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Mustang ọdún 1965 àti 1966, sílíńdà àgbà bíréèkì kò pín sí méjì. Òróró kan náà ló ń lọ sí wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí páìpù kan ṣoṣo bá bẹ́, gbogbo bíréèkì ti lọ nìyẹn. Ọdún 1967 ni Ford pín in sí méjì. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí oníméjì kí ọkọ̀ náà tó kúrò nínú gáréèjì yín rárá, kódà bó bá jẹ́ ọjà ni ẹ fẹ́ gbé e lọ.

Òróró bíréèkì náà kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú kékeré wò. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 3 gbọ́dọ̀ dé 205°C kí ó tó hó nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, DOT 4 sì gbọ́dọ̀ dé 230°C. Ṣùgbọ́n òróró yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bó bá ti fa omi díẹ̀ mọ́ra, DOT 3 lè hó ní 140°C. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín láti ìgbà tí bàbá yẹn ti gbé e pamọ́ ti di omi tó pọ̀ jù òróró lọ lójú tèmi. Ẹ dà á nù.

Ti iwájú ọkọ̀ tí mo sọ pé wọ́n sọ kalẹ̀, òun ni iṣẹ́ tó wọ́n kéré jù tí ó sì mú èrè wá jù nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ. Bí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, ara rẹ̀ á fì sí ẹ̀gbẹ́ òde, táyà òde tó gbé ẹrù jù lọ á wá fì pẹ̀lú rẹ̀, etí rẹ̀ nìkan ni yóò sì máa fi tẹlẹ̀. Klaus Arning, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Ford, ṣe ìṣirò pé bí wọ́n bá sọ ibi tí apá òkè ti so mọ́ ara ọkọ̀ kalẹ̀ ní íǹṣì kan, táyà yóò dúró ṣánṣán nígbà tí ara ọkọ̀ bá ń fì. Ihò méjì péré ni ẹ ó lu ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìwé àwòṣe tí wọ́n ń tà wọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó gbé dírìlì, ẹ má sì kọjá íǹṣì kan, nítorí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì máa ń há bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀yìn, sípíríǹgì alápáta bíi ti bọ́lẹ̀kájà ni ẹ ó bá, ó sì máa ń ká bí agbára bá dé bá a lójijì, tí wíìlì á máa ta pọ́ún pọ́ún lórí ojú ọ̀nà. Kò burú, ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀pá dì í mú gẹ́gẹ́ bí Shelby ti ṣe.

Nísinsìnyí tí a ti dé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí V8 yín wà bó ṣe wà fún ọdún kìíní. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé Mustang rẹ̀ wá bá mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ ti kan ẹ́ńjìnnì alágbára fún un, kò sì sí ohun tó ṣe é ní ojú títì. Ní ọjọ́ kejì tó lò ó ní pápá ìje, ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń kan bí ẹni ń fi ìka lu ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo da ọ́ìlì rẹ̀ sínú àwo funfun, ó ń tàn wínríwínrí bí ẹni da ìyẹ̀fun wúrà sí i, àwọn bẹ́rìn tí mo yọ sì ti jẹ dé ibi tí wọ́n ti pupa bíi bàbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ: bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà gígùn, gbogbo ọ́ìlì á gun ẹ̀gbẹ́ kan sọ́ǹpù, ìyẹn àwo ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, lọ, ẹnu pọ́ǹpù á wà ní gbẹrẹfu, afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà, bẹ́rìn á sì máa yí láìní ọ́ìlì. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó láti ba nǹkan jẹ́. Sọ́ǹpù tí wọ́n fi irin pín sí yàrá yàrá, tí ilẹ̀kùn kéékèèké rẹ̀ ń ṣí sí àárín nìkan, ni oògùn rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń tu ọ́ìlì lára sí i, kí ẹ fi rédíétọ̀ tó tóbi sí i, nítorí ooru Texas kò ṣàánú ẹnikẹ́ni ní oṣù Keje, kí ẹ sì gbé géèjì ọ́ìlì síbi tí ojú yín yóò ti máa bá a pàdé.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun nínú gbogbo èyí, ẹ gba ìwé òfin ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ bá díje, kí ẹ sì kà á tán. CVAR wà ní Texas fún ọkọ̀ àtijọ́, SVRA wà káàkiri Amẹ́ríkà. Irú ohun tí wọ́n ń lò láyé ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ báyìí ń fẹ́. Ẹ lè ná owó ńlá sórí ohun ìgbàlódé kan, kí ayẹ̀wò ọkọ̀ sì dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìbéèrè láti Abẹ́òkúta

Olóòtú, mo kí yín. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Atlanta, ó sì fi fọ́tò ọkọ̀ Mustang ọdún 1966 kan ránṣẹ́ sí mi pé òun fẹ́ máa fi díje. Ó ní òun yóò fi páìpù irin yí inú rẹ̀ ká, kí n má bẹ̀rù. Ìyá ni mí, ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni mo lè bi í lórí fóònù tí n ó fi mọ̀ pé ó mọ ohun tó ń ṣe? Ṣé ọmọ aláwọ̀ dúdú tilẹ̀ wà nídìí nǹkan yìí?

Ìdáhùn

Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. N kò ní tàn yín: eré yìí ní ewu, ẹni tó bá ní kò ní ewu kò tíì rí ìjàǹbá rí. Ṣùgbọ́n ewu tí a mọ̀ ṣeé dín kù, ìbéèrè yín sì dára, nítorí ọmọ tó bá lè dáhùn àwọn ohun tí mo fẹ́ kọ yìí láìṣe àwáwí ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ẹ kọ́kọ́ bi í pé níbo ni táǹkì epo ọkọ̀ náà wà. Ní irú Mustang yìí, orí táǹkì epo gan-an ni ilẹ̀ búùtù. Kò sí irin kankan láàárín búùtù àti ibi tí ènìyàn ń jókòó sí, ẹ̀yìn ìjókòó àti páálí nìkan ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọlu ọkọ̀ náà láti ẹ̀yìn, tí táǹkì sì ya, inú ọkọ̀ ni epo ń bọ̀. Ìdáhùn tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni pé òun ti yọ táǹkì yẹn, òun ti fi táǹkì ìje tó ní àpò rọ́bà àti fóòmù nínú rọ́pò rẹ̀, òun sì ti jó irin pẹlẹbẹ dí ẹ̀yìn ìjókòó pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í nípa ọ̀pá sítíárìn. Ṣáájú ọdún 1967, ọ̀pá gbọọrọ kan tí kì í ṣẹ́ ló wà láti iwájú ọkọ̀ títí dé àyà awakọ̀, bí ọ̀kọ̀ tí wọ́n nà sí ènìyàn. Ó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń ká bí nǹkan bá kọlu iwájú ọkọ̀.

Àwọn páìpù tó sọ yẹn, àgò irin la lè pè wọ́n, wọn kì í sì í ṣe páìpù omi. Ìwé òfin ló ń sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Ẹ ní kó fi dígí kékeré wo òkè páìpù níbi tó ti súnmọ́ òrùlé, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí yín. Ibẹ̀ ni àwọn wẹ́dà tó ń kánjú kì í jó yí ká, nítorí ọwọ́ wọn kò dé e. Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ máa ń lu ihò sí ilẹ̀ ọkọ̀, á sọ gbogbo àgò náà kalẹ̀ gba inú ihò wọ̀nyẹn, á jó òkè rẹ̀ yí ká dáadáa, á wá gbé e sókè padà kó tó fi irin pẹlẹbẹ bo ihò mọ́lẹ̀. Màmá, bí ẹ bá rí ojú ìjó tó yí páìpù ká láìfo ibì kankan, ọkàn yín lè balẹ̀ lórí ìyẹn. Kí ó má sì fi ọkọ̀ alágò jáde sí ìgboro láìdé àṣíborí, nítorí páìpù tó súnmọ́ orí lè pa ènìyàn nínú ìjàǹbá tí kò tó nǹkan.

Bẹ́líìtì ìje náà ní ọjọ́ tó máa ń tán: èyí tó ní àmì SFI, àjọ tó ń ṣòfin ohun èlò ìje ní Amẹ́ríkà, ọdún méjì, ti FIA, àjọ tó ń ṣàkóso ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ọdún márùn-ún. Ẹ ní kó ka ọjọ́ ara rẹ̀ fún yín. Ohun tó kù ni HANS, ohun èlò tó ń gbé èjìká, tó ń fi okùn di àṣíborí mú kí ọrùn má baà fà tu bí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Hubbard ló ṣe é pẹ̀lú Jim Downing, awakọ̀ ìje ọmọ ìlú Atlanta níbi tí ọmọ yín wà gan-an, ó sì ti di dandan nínú Formula One láti ọdún 2003. Bó bá ní òun kò tíì rà á nítorí owó, ẹ ní kó dúró dìgbà tí owó yóò fi wà.

Ọmọ aláwọ̀ dúdú wà nídìí rẹ̀, ó sì ti pẹ́. Willy T. Ribbs wa Camaro nínú ìje Trans-Am ọdún 1983, ó borí lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún náà, ní 1991 ló sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó yege láti kópa nínú Indianapolis 500, ìje ọkọ̀ ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìbéèrè láti London

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé a lè fi irú ọkọ̀ yìí díje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé sítíárìn rẹ̀ tó wà lápá òsì kò ní pa mí lára?

Ìdáhùn

A lè fi díje dáadáa, ọkọ̀ náà kì í sì í ṣe àlejò níbẹ̀. Roy Pierpoint fi Mustang gba ife-ẹ̀yẹ ìje ọkọ̀ ìdílé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1965. Ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀, Peter Procter àti Andrew Cowan, tí wọ́n wa Mustang fún ẹgbẹ́ Alan Mann, ló gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí ọkọ̀ ìdílé nínú Tour de France ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ ó ní láti yege ìdánwò awakọ̀ ìje tí wọ́n ń pè ní ARDS kí Motorsport UK, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso ìje ọkọ̀ níbẹ̀, tó fún yín ní ìwé àṣẹ, ọkọ̀ yín yóò sì nílò ìwé FIA tó ń jẹ́rìí pé bó ṣe rí láyé ìgbà náà ló ṣì ṣe rí, bó bá jẹ́ pé ìje tó béèrè rẹ̀ ni ẹ fẹ́ wọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju ẹni tó wà ní Texas lọ kí ẹ tó lu ihò kankan tàbí pààrọ̀ ohunkóhun.

Ti sítíárìn, ó pa yín lára díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni wọ́n ń sáré ní Goodwood àti Brands Hatch, nítorí náà kọ́nà ọ̀tún ló pọ̀ jù. Nínú kọ́nà ọ̀tún, apá òsì ni gbogbo ẹrù ń dà sí, ẹ̀yin fúnra yín sì ti jókòó síbẹ̀ kún un. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ gbé bátìrì kúrò níwájú lọ sínú búùtù, bí àwọn GT350 àkọ́kọ́ ti ọdún 1965 ṣe ní in, kí ẹ sì fi sí apá ọ̀tún, bí òfin ìsọ̀rí yín bá gbà á. Ẹ wọn ọkọ̀ náà lórí òṣùwọ̀n mẹ́rin, ọ̀kan lábẹ́ wíìlì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀yin nínú rẹ̀, ṣáájú kí ẹ tó gbé bátìrì àti lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e tán, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀.